Kíkọ́ ètò tí ń fi ọ̀tómátà Büchi yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe

Iṣẹ́ àkànṣe yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè kan tí dídán ètò wò lásán kò lè dáhùn. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá jẹ́ irú èyí tí ń ṣe ìṣirò kan tí ó sì ń parí, a lè fún un ní nọ́ńbà mélòó kan, kí a wo ohun tí yóò dá padà fún wa. Ṣùgbọ́n ètò tí ń darí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, tàbí èyí tí ń gba ìbéèrè àwọn oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, kò ní òpin kankan tó ń lọ bá. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ láìṣe ohun tí kò yẹ, àti pé kí ẹni tó bá béèrè nǹkan rí ìdáhùn gbà nígbà tó bá yá. Inú "nígbà tó bá yá" yẹn ni wàhálà wà. Bí mo bá dúró fún wákàtí kan gbáko tí ìdáhùn kò dé, kò sí ohun tó fi hàn mí pé kò ní í dé ní wákàtí kejì. Bí ó bá sì dé lónìí, kò sí ohun tó fi hàn mí pé yóò dé lọ́la, nígbà tí àwọn ètò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá gba ara wọn kọjá lọ́nà mìíràn.

Nítorí náà ni mo ṣe pinnu láti fọwọ́ ara mi kọ́ ètò ayẹ̀wò kan, kékeré ṣùgbọ́n tó pé, tí yóò gba àwòṣe ètò mìíràn (ìyẹn àpèjúwe gbogbo ipò tí ètò náà lè wà àti bó ṣe ń bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì) pẹ̀lú àbùdá kan tó jẹ mọ́ àkókò, tí yóò sì sọ fún mi bóyá gbogbo ìrìn tí ètò náà lè rìn ló pa àbùdá náà mọ́, tàbí kí ó fi ìrìn kan tó tàpá sí i hàn mí. Èdè Python ni mo fi kọ ọ́, torí pé mo fẹ́ kí kóòdù náà rọrùn láti kà, kí ẹni tó bá ṣí fáìlì rẹ̀ lè tọ ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí kò tilẹ̀ yára.

Ìpìlẹ̀ tí mo kọ́ ọ lé

Ní ọdún 1977 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà Amir Pnueli dábàá pé kí a máa fi lọ́jíìkì àkókò sọ ohun tí a ń fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ètò tí kì í parí, àbá yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tó lókìkí jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1996. Nínú lọ́jíìkì àkókò tí a ń pè ní LTL (linear temporal logic), lẹ́tà G dúró fún "nígbà gbogbo láti ìsinsìnyí lọ", F dúró fún "ní ìgbà kan láti ìsinsìnyí lọ", nígbà tí U dúró fún "títí di ìgbà tí". Pẹ̀lú àwọn lẹ́tà díẹ̀ wọ̀nyí, a lè kọ ọ́ pé ẹni tó béèrè yóò rí gbà: G(béèrè → F rígbà).

Kí ó tó di àkókò yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, J. Richard Büchi, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Swítsáláńdì, ti ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀tómátà tí ń ka ìtò àmì aláìlópin. Ọ̀tómátà jẹ́ ẹ̀rọ inú ìrònú tó ní ipò mélòó kan, tí ń bọ́ láti ipò kan sí òmíràn bó ti ń ka àmì, tí a sì ti sàmì sí àwọn kan nínú ipò rẹ̀ pé wọ́n jẹ́ ipò ìtẹ́wọ́gbà. Kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè kan nínú lọ́jíìkì nọ́ńbà ló ń wá ìdáhùn sí. Ọ̀tómátà àtijọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ máa ń wo ipò tí ó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, kí ó tó gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá ní òpin, kò sí ipò ìparí tí a lè wò, nítorí náà òfin Büchi ni pé ìrìn kan jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà bí ó bá kọjá lára ipò ìtẹ́wọ́gbà kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí lọ láìdẹ́kun.

Moshe Vardi àti Pierre Wolper ló so àwọn nǹkan méjèèjì yìí pọ̀ ní 1986. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí a mú òdì àbùdá tí a fẹ́, kí a sọ ọ́ di ọ̀tómátà Büchi, kí a wá so ọ̀tómátà yìí mọ́ àwòṣe ètò náà kí àwọn méjèèjì máa rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí ìrìn ìtẹ́wọ́gbà kan bá wà nínú ìsopọ̀ náà, ìrìn yẹn jẹ́ ohun tí ètò lè ṣe, ó sì tún tàpá sí àbùdá. Bí kò bá sí ọ̀kankan, àbùdá náà dúró ṣinṣin. Níwọ̀n ìgbà tí iye ipò bá sì lópin, ìrìn aláìlópin gbọ́dọ̀ padà sí ipò tí ó ti kọjá rí. Nítorí náà, wíwá ìrìn ìtẹ́wọ́gbà kò ju wíwá ipò ìtẹ́wọ́gbà kan tí a lè dé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a sì lè ti ara rẹ̀ kúrò kí a tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí ni ohun tó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: "kò ní í dé láé", tí ojú ènìyàn kò lè rí bó ti wù kí ó dúró pẹ́ tó, ti di ìyípo kan nínú àwòrán tí mo lè na ìka sí.

Àwòṣe àkọ́kọ́

Àwòṣe tí mo kọ́kọ́ fún un ni ìlànà tí Gary Peterson gbé jáde ní 1981, èyí tí ètò méjì tí wọ́n jọ ń lo mẹ́mọ́rì kan náà fi ń rí i dájú pé àwọn méjèèjì kì í wọ apá ẹlẹ́nìkan papọ̀. Apá ẹlẹ́nìkan ni mo pe ibi inú kóòdù tí ètò kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà ní àkókò kan, bí àpẹẹrẹ ibi tí a ti ń kọ iye owó tuntun sínú àkáǹtì. Ẹni tó bá ti rí ọmọlúàbí méjì tí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró, tí oníkálukú ń sọ fún ẹnìkejì pé "ẹ ṣáájú", ti mọ ọgbọ́n inú rẹ̀: ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn ló ń dúró.

Mo pe àwọn ètò náà ní A àti B. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wà ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin. Ní Ìta, ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní Àsíá, ó ti gbé àsíá rẹ̀ sókè láti fi hàn pé òun fẹ́ wọlé. Ní Ìdúró, ó ti kọ orúkọ ẹnìkejì sínú fáríábù tó_kàn, ó sì ń dúró títí àsíá ẹnìkejì yóò fi wálẹ̀ tàbí títí tó_kàn yóò fi di orúkọ tirẹ̀. Ní Inú, ó ti wà nínú apá ẹlẹ́nìkan, nígbà tó bá sì jáde, ó ń rẹ àsíá rẹ̀ wálẹ̀, ó padà sí Ìta. Bí a bá to ibi mẹ́rin ti A, ibi mẹ́rin ti B àti iye méjì tí tó_kàn lè ní pọ̀, ipò 32 ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n 20 péré ni a lè dé láti ipò ìbẹ̀rẹ̀. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí níyànjú pé kí ó ya àwòrán ipò 20 náà sórí ìwé kí ó tó kọ kóòdù kankan, nítorí àwòrán náà kéré tó láti wọ ojú ìwé kan, ó sì kún tó láti fi gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì hàn. Lára àwọn 12 tí a kò lè dé ni méjèèjì tí A àti B ti jọ wà ní Inú, ohun tí Peterson sì ṣèlérí gan-an nìyẹn.

Nínú kóòdù, àwòṣe kò ju fọ́ńṣọ̀n méjì lọ: ọ̀kan ń fúnni ní ipò ìbẹ̀rẹ̀, ìkejì ń gba ipò kan, ó sì ń fúnni ní gbogbo ipò tó lè tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúkọ ètò tó gbé ìgbésẹ̀ náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má ṣe jẹ́ kí apá ìyókù mọ ohunkóhun nípa Peterson.

Láti fọ́múlà dé ọ̀tómátà

Àbùdá kejì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, yàtọ̀ sí pé kí méjèèjì má ṣe wọlé papọ̀, ni pé bí A bá gbé àsíá sókè, yóò wọlé nígbà tó bá yá: G(Àsíá_A → F Inú_A). Òdì rẹ̀ ni F(Àsíá_A ∧ G ¬Inú_A), ìyẹn ni pé ìgbà kan wà tí A gbé àsíá sókè tí kò sì wọlé mọ́ títí ayé. Ọ̀tómátà rẹ̀ ní ipò méjì péré. Ipò kìíní lè máa ka ohunkóhun kí ó sì dúró síbẹ̀. Nígbàkúùgbà tó bá rí i pé A wà ní Àsíá, ó lè yàn láti bọ́ sí ipò kejì. Ipò kejì ni ìtẹ́wọ́gbà, kò sì gba ohun mìíràn ju pé A kò sí ní Inú. Bí A bá wọlé, ìrìn náà kú síbẹ̀. Kí olùkàwé kíyè sí i pé ọ̀tómátà yìí ń yàn: kò mọ èwo nínú àwọn ìgbà tí A gbé àsíá sókè ni A kò ti ní í wọlé mọ́, nítorí náà ó ń gbìyànjú gbogbo wọn. A kò lè gba agbára yíyàn yìí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀tómátà Büchi tí kì í yàn kò lágbára tó èyí tí ń yàn, àbùdá tó rọrùn bí F G p pàápàá sì kọjá agbára rẹ̀.

Fún fọ́múlà méjì, mo lè fọwọ́ kọ ọ̀tómátà, ṣùgbọ́n ètò tó pé gbọ́dọ̀ lè sọ fọ́múlà èyíkéyìí di ọ̀tómátà. Mo tẹ̀ lé ìlànà tí Gerth, Peled, Vardi àti Wolper kọ sílẹ̀ ní 1995. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé p U q lè ṣẹ lọ́nà méjì: yálà q ti ṣẹ báyìí, tàbí p ṣẹ báyìí tí p U q sì di gbèsè tí ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ yóò san. Ipò kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀tómátà jẹ́ àkójọ ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ nísinsìnyí àti gbèsè tó kù fún ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìrìn kan lè máa sún gbèsè síwájú láìsan án láé, kí ó sì dà bí ẹni pé kò rú òfin kankan. Ìdí nìyẹn tí U kọ̀ọ̀kan fi ní àkójọ ipò ìtẹ́wọ́gbà tirẹ̀, tó jẹ́ àwọn ipò tí wọn kò jẹ gbèsè yẹn tàbí tí wọ́n ti san án, ìrìn tó tọ́ sì gbọ́dọ̀ kọjá lára àkójọ kọ̀ọ̀kan láìdẹ́kun. Láti sọ ọ̀pọ̀ àkójọ yìí di ẹyọ kan, mo fi nọ́ńbà kan mọ́ ipò kọ̀ọ̀kan tí ń sọ àkójọ tí a ń retí. Nígbà tí a bá dé èyí tí a ń retí, a bọ́ sí èyí tó kàn.

Iye ipò tó ń jáde lè máa di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tí fọ́múlà bá gùn sí i, kò sì sí ọgbọ́n tó lè yẹ èyí sílẹ̀ fún gbogbo fọ́múlà. Ṣùgbọ́n àwọn àbùdá tí ènìyàn ń kọ lójoojúmọ́ kúrú, mi ò sì rí i gẹ́gẹ́ bí ìdènà. Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju ìyẹn lọ ni bí mo ṣe mọ̀ pé ìtumọ̀ tí kóòdù mi ń ṣe tọ́. Mo mú kí ó máa kọ ọ̀tómátà rẹ̀ jáde ní ìlànà HOA (Hanoi Omega-Automata), ìlànà àjùmọ̀lò fún kíkọ ọ̀tómátà sínú fáìlì, èyí tí Spot, àkójọ irinṣẹ́ fún LTL àti ọ̀tómátà, lè kà, mo sì ń ní kí Spot sọ fún mi bóyá ọ̀tómátà tèmi àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe láti inú fọ́múlà kan náà ń gba àwọn ìtò kan náà. Fọ́múlà tí a ṣà láìtẹ̀lé ètò kankan ni mo ń fún un, púpọ̀púpọ̀, kó tó di pé mo gbà pé apá yìí ti dúró.

Wíwá ìyípo

Ibí ni mo lo àkókò mi jù sí, inú mi sì dùn pé mo lò ó. Ọ̀nà kan láti rí ìyípo ni kí a pín àwòrán sí àwọn ìdìpọ̀ tí ipò inú wọn lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Robert Tarjan ti fi hàn ní 1972. Ọ̀nà kejì, tí Courcoubetis, Vardi, Wolper àti Yannakakis gbé jáde, ni ìwákiri onílọ̀ọ́po méjì. Mo yan èkejì, nítorí pé bíìtì méjì péré ló nílò fún ipò kọ̀ọ̀kan láti rántí ibi tó ti dé, òun náà sì ni ìdílé ìlànà tí SPIN ń lò. SPIN ni ètò ayẹ̀wò tí Gerard Holzmann kọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tó di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 1991.

Ìwákiri àkọ́kọ́ ń lọ jìnnà bó ti lè lọ kí ó tó yí padà. Nígbà tó bá ti parí gbogbo ohun tó wà níwájú ipò ìtẹ́wọ́gbà kan, tó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ padà sẹ́yìn, ó dúró, ó rán ìwákiri kejì láti ibẹ̀ lọ wò bóyá ọ̀nà kan wà tó padà sí ipò náà. Ìwákiri kejì ń fi àmì tirẹ̀ sí ibi tó bá dé, a kì í sì í pa àmì yìí rẹ́ nígbà tí a bá tún rán an láti ibòmíràn; èyí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ náà di ìlọ́po ara rẹ̀.

Ṣé ó ṣe pàtàkì pé kí a dúró dìgbà ìpadàsẹ́yìn? Ó ṣe pàtàkì gan-an, àpẹẹrẹ tó kéré jù lọ tí mo mọ̀ nìyí. Ká ní ipò mẹ́ta wà, p, q àti r. P ń lọ sí q, q ń lọ sí r, r ń padà sí q. P àti r sì jẹ́ ipò ìtẹ́wọ́gbà. Ìyípo tí a ń wá ni r sí q sí r. Bí a bá rán ìwákiri kejì ní kété tí a dé p, yóò fi àmì sí q àti r, kò sì ní í rí ọ̀nà padà sí p. Nígbà tí a bá wá dé r tí a tún rán an, yóò bá àmì lára q, yóò rò pé ibẹ̀ ti parí, yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Ìyípo wà níbẹ̀, a kò rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró di ìpadàsẹ́yìn, r ni a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ìwákiri kejì láti r yóò dé q tí kò tíì ní àmì, yóò sì padà sí r. Ètò ayẹ̀wò tó ń sọ pé kò sí àṣìṣe nígbà tí àṣìṣe wà burú ju kí a má ní ètò ayẹ̀wò rárá, nítorí náà àpẹẹrẹ ipò mẹ́ta yìí ni ìdánwò tó wà ní òkè pátápátá nínú fáìlì ìdánwò mi.

N kò kọ́ ìsopọ̀ àwòṣe àti ọ̀tómátà tán kí n tó wá inú rẹ̀. Ìwákiri náà ló ń dá ipò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ti ń dé ibẹ̀. Bí ìyípo bá wà nítòsí, yóò rí i kí ó tó rí gbogbo ìyókù. Ẹ̀rí àṣìṣe tó ń jáde ní apá méjì: ọ̀nà tó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi ìyípo, àti ìyípo fúnra rẹ̀.

Ohun tí Peterson fi hàn

Ipò 20 lọ́nà ipò ọ̀tómátà méjì kò lè ju 40 lọ, nítorí náà ìdáhùn máa ń dé lójú ẹsẹ̀. Àbùdá pé kí méjèèjì má ṣe wọlé papọ̀ dúró. Mo wá yí ìlà méjì padà nínú àwòṣe náà, kí ètò kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ tó_kàn kí ó tó gbé àsíá sókè, ohun tí ojú lásán kò ní í kà sí nǹkan bàbàrà. Àbùdá náà kò dúró mọ́. Ẹ̀rí àṣìṣe tó jáde ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà: A kọ B sínú tó_kàn; B kọ A sínú tó_kàn; B gbé àsíá; B rí i pé àsíá A wà nílẹ̀, ó wọlé; A gbé àsíá; A rí i pé òun ló kàn, ó wọlé. Ẹ̀rí tó kúrú ju mẹ́fà kò lè sí, nítorí ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò láti wọlé.

Àbùdá kejì ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Mo kọ ibi Ìdúró ní ọ̀nà méjì. Ní ọ̀nà kìíní, ètò tí kò tíì kàn kò lè gbé ìgbésẹ̀ kankan. Ó dùbúlẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, àbùdá náà dúró láìsí àfikún kankan. Ìdí rẹ̀ hàn nínú àwòrán ipò 20: bí A bá wà ní Àsíá tí kò kúrò níbẹ̀, B yóò dé Ìdúró, yóò bá àsíá A lókè àti tó_kàn lọ́wọ́ A, kò sì ní í lè kọjá, A nìkan ló kù tó lè rìn. Bí A bá sì ti dé Ìdúró, B lè ṣáájú rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí nígbà tí B bá padà wá tí ó tún kọ orúkọ A, ọ̀nà di ti A.

Ní ọ̀nà kejì, mo kọ Ìdúró bí kóòdù gidi ti máa ń ṣe é: ètò náà ń yẹ àsíá àti tó_kàn wò lemọ́lemọ́, ìyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbésẹ̀. Iye ipò kò yí padà, 20 náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí àṣìṣe jáde. A gbé àsíá sókè. B wá dé Ìdúró. B bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò títí láé, A kò sì tún rí àyè gbé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyípo náà jẹ́ ipò kan tí ń padà sí ara rẹ̀. Ìlànà Peterson kò lẹ́bi nínú èyí. Ẹni tó lẹ́bi ni olùpín àkókò inú àwòṣe mi, ìyẹn apá tó ń yan ètò tí yóò gbé ìgbésẹ̀ tó kàn, tí kò sí òfin kankan tó ní kí ó fún A láyè.

Òfin tí a nílò ni àìṣègbè: ètò tó wà ní ipò láti gbé ìgbésẹ̀ láìdáwọ́dúró gbọ́dọ̀ gbé e nígbà tó bá yá. Mo yọ ètò tó bá wà ní Ìta kúrò lábẹ́ òfin yìí, nítorí kò sí ẹni tó yẹ kí a fi ipá mú láti wá àyè wọlé. Mo lè kọ àìṣègbè sínú fọ́múlà gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀tómátà rẹ̀ ń sanra púpọ̀ bí iye ètò ti ń pọ̀ sí i. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣe é bí SPIN ti ń ṣe é: bí ètò bá jẹ́ N, a ṣe ẹ̀dà ìsopọ̀ náà ní N+2. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ń retí ipò ìtẹ́wọ́gbà; ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e ń retí kí ètò kìíní gbé ìgbésẹ̀ tàbí kí ó wà ní ipò tí kò ti lè gbé e; ìyókù ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan; ẹ̀dà ìkẹyìn nìkan ni ìtẹ́wọ́gbà, ó sì ń dá wa padà sí àkọ́kọ́. Fún A àti B, ẹ̀dà mẹ́rin ni, ipò 160 ó pọ̀ jù. Lábẹ́ òfin yìí, ìyípo tí B nìkan ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kò lè kọjá ẹ̀dà ti A, a sì rí i pé àbùdá náà dúró.

Iṣẹ́ irú èyí ti dé ibi tó jìnnà sí ilẹ̀. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní NASA, àjọ Amẹ́ríkà tí ń rán ọkọ̀ lọ sí gbalasa òfurufú, fi SPIN yẹ apá kan wò nínú Remote Agent, ètò tí wọ́n kọ láti darí ọkọ̀ òfurufú Deep Space 1, wọ́n sì rí àṣìṣe márùn-ún tó wá láti inú bí àwọn apá ètò náà ṣe ń gba ara wọn kọjá. Ní oṣù Karùn-ún 1999, nígbà tí ọkọ̀ náà ti wà lójú ọ̀run, apá mìíràn nínú ètò náà, tí wọn kò fi SPIN yẹ̀ wò, di ara rẹ̀ mú tí kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ìdí rẹ̀ jọ ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tí wọ́n ti rí ní ọdún méjì ṣáájú.

Nígbà tí nọ́ńbà wọ inú ọ̀rọ̀

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí di ibí dá lórí àwòṣe tí ipò rẹ̀ kò pọ̀. Kóòdù gidi ní fáríábù nọ́ńbà, ẹyọ kan oníbíìtì 32 sì lè ní iye 4,294,967,296. Mo kọ ètò kékeré kan tí ń tún iṣẹ́ ránṣẹ́ bí ìdáhùn kò bá dé:

gbìyànjú = n
nígbà tí gbìyànjú > 0 tí ìdáhùn kò sì tíì dé:
  ránṣẹ́
  gbìyànjú = gbìyànjú − 1
jáwọ́

Àbùdá tí mo fẹ́ ni pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò parí sí ìdáhùn tàbí sí jíjáwọ́. Dípò kí ètò ayẹ̀wò rántí iye gbìyànjú gan-an, ó ń rántí bóyá ó ju òdo lọ tàbí kò jù ú. Ọ̀nà ìgékúrú yìí ló wà nínú SLAM, ètò ayẹ̀wò tí Microsoft lò rí láti fi yẹ àwọn ètò tí ń darí ohun èlò Windows wò, ó sì dára púpọ̀ fún ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Fún ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, ó ń dá ìyípo irọ́ sílẹ̀: láti "ó ju òdo lọ", bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò, ó ṣì lè jẹ́ "ó ju òdo lọ", nítorí náà àwòrán tí a gé kúrú gbà pé a lè máa ránṣẹ́ títí ayé.

Ohun tí mo ṣe ni pé nígbà tí ìyípo bá jáde, ètò náà kò tíì gbà á. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìyípo náà, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn gidi, bi Z3, ètò tí ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè lọ́jíìkì tó ní nọ́ńbà nínú, léèrè bóyá ó ṣeé rìn lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣeé rìn, ó wá iye kan tí ń dín kù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan tí kò sì lè lọ sísàlẹ̀ ju òdo, ní ọ̀nà tí Podelski àti Rybalchenko kọ ní 2004. Níbí, gbìyànjú fúnra rẹ̀ ni iye náà, ìyípo náà kò sì lè pẹ́ títí. Ètò náà yọ gbogbo ìrìn tí ìyípo yẹn nìkan ni wọ́n ń tún ṣe láìdẹ́kun kúrò, ó sì tún wá. Ní Yunifásítì Freiburg ní Jámánì, Ultimate LTLAutomizer, ètò ayẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní 2015, ń ṣe irú èyí fún kóòdù tí a fi èdè C kọ pẹ̀lú ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ: láti inú ẹ̀rí kan ṣoṣo, ó ń kọ́ ọ̀tómátà fún gbogbo ìrìn tí ẹ̀rí náà bá mu, ó sì ń yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wá fi ìlà kan kún ètò ìránṣẹ́ náà, irú èyí tí ó wọ́pọ̀: bí ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì bá já tí ó sì padà, gbìyànjú padà di n. Ìyípo tó jáde lọ́tẹ̀ yìí kò ní iye kankan tó ń dín kù. Ránṣẹ́, yọ ẹyọ kan, ìsopọ̀ já, ìsopọ̀ padà, gbìyànjú di n. Z3 sì fi hàn pé gbogbo fáríábù padà sí iye tí wọ́n ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo. Ẹ̀rí gidi nìyí: oníbàárà kò rí ìdáhùn, a kò sì sọ fún un pé a ti jáwọ́. Bí a bá fi kún fọ́múlà pé ìsopọ̀ kò ní í máa já láìdẹ́kun, àbùdá náà padà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo fóònù nínú ọkọ̀ tó ń lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ mọ̀ pé kò yẹ kí ètò gbára lé irú ìlérí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kóòdù ni mo tún ṣe: mo ya iye ìgbà tí a ti ránṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìsopọ̀, ìlà tí ń dá a padà sí n sì kúrò.

Bí ètò ayẹ̀wò náà ti wà báyìí, kò lè ka kóòdù C, kò mọ ohunkóhun nípa ìtọ́ka mẹ́mọ́rì, iye tó ń dín kù tó lè rí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ fáríábù tí a fi nọ́ńbà kan ṣe ìlọ́po wọn. Iṣẹ́ tó kàn ni kí n dín iye ọ̀nà ìtò ìgbésẹ̀ tí ó ń yẹ̀ wò kù nígbà tí ìgbésẹ̀ méjì kò bá kan ara wọn rárá, kí ó lè gba ètò mẹ́rin tàbí márùn-ún láìkún mẹ́mọ́rì. Àìṣègbè ni mo ń ṣọ́ra fún jù níbẹ̀, nítorí ìgbésẹ̀ tí a bá sún síwájú nínú ìyípo lè di èyí tí a kò gbé mọ́ rárá. Òfin tí mo ti kọ sílẹ̀ fún un ni pé nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ipò kan gbọ́dọ̀ wà tí a ti yẹ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ wò pátá.